Àádọ́ta Ìṣẹ́jú Láti Àbújá sí Àkúrẹ́

Ìró kòkó ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ní ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹrin. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti ká tapólì kúrò lórí kòkó tí a sá sí iwájú ilé wa ní Iléṣà, á bọ́ bàtà, á máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, á sì máa dún ṣàràṣàrà. Bí ìró yẹn bá ti wọlé, mo mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi pè mí. "Tinú! Ewúrẹ́ ti ń bọ̀ o!" Iṣẹ́ mi nìyẹn kí n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́: mo gbá ojúde, mo fa omi garawa méjì láti inú kànga, mo sì lé ewúrẹ́ aládùúgbò kúrò nídìí kòkó. Ní ọ̀sán Sátidé, ìró odó ló máa ń gba ojúde, nítorí Ìyá Àgbà kò ka ohun tí a jẹ sí oúnjẹ bí kò bá ti jẹ́ iyán. Òun náà ló máa ń sọ pé, "Jẹun tán ná, ká tó sọ̀rọ̀." Ohun yòówù tí mo bá bi í, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ ìyá mi, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Mo jẹun púpọ̀ lọ́dún náà.

Ìyá mi kò sí nílé. Ó ti lé ní ọdún méjì tó ti lọ ṣiṣẹ́ ní Àbújá, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọsibítù kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì dé, ó máa ń pe fóònù Bàámi, Bàámi á sì gbé e lé mi létí. Mo máa ń sọ ohun gbogbo fún un: eyín mi tó yọ, ewúrẹ́ tó jẹ ìwé mi, orin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń béèrè pé, "Màámi, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?" Á ní, "Ọ̀nà jìn, Àṣàkẹ́ mi. Tó bá yá." Bí mo bá wo ojú Bàámi, òun náà á ní, "Àbújá jìnnà, ọmọ." Olùkọ́ jọ́gíráfì ni Bàámi ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú, máàpù Nàìjíríà tó tóbi bí aṣọ ìbora ló gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀ wa. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ pé ibì kan jìnnà, ta ni èmi tí n ó máa bá a jiyàn? Mo mọ Òṣogbo, níbi tí bàbá tó bí ìyá mi ń gbé. Bí mo bá sùn lọ nínú ọkọ̀ ní Iléṣà, Òṣogbo ni mo máa ń jí sí. Mo mọ̀ pé Àkúrẹ́ jìn jù ú lọ. Lẹ́yìn Àkúrẹ́, lójú tèmi, ilẹ̀ kàn ń lọ ṣáá ni, títí yóò fi kan Àbújá, ibi tí èèyàn ti lè lo ọdún méjì láìlè padà wálé.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, nígbà tí a wà nínú ìsinmi, fóònù Bàámi dún kí a tó jẹun. Ó jáde wá sí ojúde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ rí i.

"Kí ló dé?"

"Baba Òṣogbo ti kú, Ìyá. Lẹ́yìn tí wọ́n kírun àárọ̀ tán ni. Wọ́n ní wọ́n kàn fara ti ògiri, wọ́n sùn lọ."

Ìyá Àgbà káwọ́ lérí. Baba Òṣogbo ni bàbá ìyá mi, aránfìlà ni ní àdúgbò àtijọ́ kan l'Óṣogbo, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun rẹ̀ ṣeré, tó sì jẹ́ pé ọdọọdún ló máa ń fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí àwa Onígbàgbọ́ ní Iléṣà. Sàlámátù ló máa ń pè mí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ mí lórúkọ yẹn. Mo rò pé ó máa ń gbàgbé orúkọ mi ni.

"Ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ sin ín?"

"Lónìí náà ni, lẹ́yìn ìrun Alásárì."

"Ìyá Tinú ńkọ́?"

"Ó ti wà lọ́nà pápákọ̀ òfuurufú. Bàálù tó ń bọ̀ ní Àkúrẹ́ ló fẹ́ wọ̀. Èmi ni n ó lọ gbé e, ká jọ forí lé Òṣogbo."

Àánú Baba Òṣogbo ṣe mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni mo gbọ́ jù. Mo tẹ̀ lé Bàámi wọ pálọ̀. "Bàámi, ṣé Màámi á lè dé lónìí? Ṣebí Àbújá jìn?" Ọkàn rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ mi. Ó ń fi ọwọ́ kan wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó fi èkejì mú rúlà orí tábìlì, ó sì gbé e lé máàpù bí ìgbà tó wà ní kíláàsì. "Wò ó. Bí a bá fà á tààrà láti Àbújá sí Àkúrẹ́, kò pé ọ̀ọ́dúnrún kìlómítà. Bàálù ò ní yà síbì kan. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ni." Ìgbà náà ló tó bojú wò mí. Ó sọ rúlà náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní kí n lọ wọ aṣọ, kí n bá òun lọ.

Mo wọ aṣọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti dàrú mọ́ mi lójú. Mo mọ àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ìwàásù pásítọ̀ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí Ìyá Àgbà bá gbé iṣu kaná títí a ó fi gún un, tí a ó fi jẹ ẹ́ tán, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti Iléṣà sí Òṣogbo gan-an, tí ọkọ̀ èrò bá ń já èèyàn sílẹ̀, nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú náà ni. Báwo wá ni Àbújá ṣe jìn? Àbí àádọ́ta ìṣẹ́jú inú bàálù yàtọ̀ sí tiwa? Èyí ni mo fara mọ́ nígbà tí a jókòó sínú ọkọ̀. Mo pinnu pé nǹkan kan wà nínú òfuurufú tó máa ń mú kí ìṣẹ́jú gùn.

Ọyẹ́ bo gbogbo ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a dé Ìwáràjà, níbi tí àwọn ọ̀nà ti pàdé, kò sí òkè kankan tí mo lè rí mọ́, bẹ́ẹ̀ òkè ló yí ibẹ̀ ká. Eruku funfun ni ojú ọ̀run. Bàámi tan iná ọkọ̀ ní ọ̀sán gangan. Ní pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́, a dúró sábẹ́ ìbòji pẹ̀lú àwọn èèyàn díẹ̀ tí wọ́n wá pàdé ẹni tiwọn. Bàámi ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, èmi ń wo ojú Bàámi. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ ọ, ìró kan tó rọra ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tó ń pọ̀ sí i, títí ó fi wà lókè orí wa gan-an, tí ilẹ̀kùn gíláàsì fi ń gbọ̀n. Gbogbo wa gbójú sókè. A ò rí nǹkan kan. Funfun ni gbogbo rẹ̀.

"Òun nìyẹn," ni Bàámi wí. "Ìyá rẹ nìyẹn."

Mo juwọ́ sí i. Ojú máa ń tì mí bí mo bá rántí rẹ̀, àmọ́ mo na ọwọ́ méjèèjì, mo ń jù ú sí eruku funfun. Ìró náà lọ, ó tún padà wá. Ó yí wa ká lẹ́ẹ̀kejì. Obìnrin kan tó dúró nítòsí wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ìró náà gba ọ̀nà tó gbà wá, ó ń kéré, ó ń kéré, kò sì padà mọ́. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ jáde sí wa, ó ní awakọ̀ kò rí ilẹ̀, pé wọ́n ti darí padà sí Àbújá.

"Kí ló dé tí wọn ò sọ̀ kalẹ̀?" Mo fa aṣọ Bàámi. "Ṣebí wọ́n ti dé?"

"Wọ́n dé, àmọ́ wọn ò lè balẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò yé mi. Mo ṣì ń gbìyànjú láti mọ bí èèyàn ṣe lè dé síbi kan kó má sì dé ibẹ̀, títí fóònù Bàámi fi dún ní nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn náà, nígbà tí bàálù ti padà balẹ̀ ní Àbújá, tí mo sì gbọ́ ẹkún ìyá mi láti ibi tí mo dúró sí. Ó ní kí wọ́n bẹ Lèmọ́mù, kí wọ́n dúró di ọ̀la. Bàámi ní òun ti bẹ̀ wọ́n, pé àwọn àgbà ilé ti kọ̀. "Má sunkún mọ́. A gbọ́ ìró yín. Lókè orí wa gan-an lẹ wà. Tinú juwọ́ sí ọ." Ẹkún náà wá pọ̀ sí i, Bàámi sì yí ẹ̀yìn sí mi.

Bí ìyá mi kò ṣe bá òkú bàbá rẹ̀ nìyẹn. A sáré dé Òṣogbo, a bá wọn nígbà tí wọ́n ń tò fún ìrun òkú. Bàámi bọ́ bàtà, ó dúró lẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni wọ́n gbẹ́ sàréè sí, lábẹ́ fèrèsé yàrá tí Baba ti máa ń rán fìlà. Kò pẹ́ rárá. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ tó mú ìyá mi gun òfuurufú lè tán kí omi tí wọ́n gbé kaná tó hó. Àwọn ọmọ ilé náà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí mo pe ilé ní "ulé" bí Ìjẹ̀ṣà, àmọ́ n kò dá wọn lóhùn. Àǹtí Sìdí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló fà mí lọ́wọ́ wọlé kí n lè gbé àpò mi sílẹ̀, nítorí Bàámi ti ní a ó dúró de Màámi, tó fẹ́ wọ mọ́tò láti Àbújá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Yàrá ìyá rẹ nìyí," ló wí. "Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn náà ló sùn ní Iléyá."

"Iléyá wo, mà?"

"Iléyá tó kọjá yìí náà. Ṣé ìwọ ò..." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní òun ń lọ wo iná, ó sì fi mí sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì náà. Mo rántí Iléyá yẹn dáadáa. Ọdọọdún ni Bàámi máa ń mú mi wá sí Òṣogbo, àmọ́ lọ́dún náà ó ní mo ní ìdánwò, kí n jókòó kàwé. Àǹtí Sìdí fi ẹran díndín ránṣẹ́ nínú abọ́ ńlá kan tó ní ìdérí, mo sì fi jẹ iyán fún ọjọ́ mẹ́ta. Àbí ìyá mi ló dín ẹran náà? Ó ti wà níbí, ó ti sùn síbí. Ẹni tó bá sì ti Àbújá bọ̀, tó sọ̀ ní Àkúrẹ́, tó ń lọ sí Òṣogbo, Ìwáràjà ló máa gbà, lẹ́yìn náà Iléṣà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀nà náà tán ni. Mo kà á lórí ìka mi lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wá ibòmíràn tó lè gbà kọjá, n kò rí i.

Mo bá Bàámi lẹ́yìn ilé, ó ń fọ ẹsẹ̀. "Bàámi, ṣé Màámi wá ní Iléyá?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

Ó ti dáhùn nìyẹn. Ó tún ń da omi sẹ́sẹ̀ tó ti mọ́ tipẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ìyá mi sọ̀ nínú mọ́tò ní Old Garage, láàárín ariwo àwọn onímọ́tò tó ń pe Iléṣà, tó ń pe Ìbàdàn. Ó ti rù. Eruku wà nínú ìpéǹpéjú rẹ̀. Ọdún méjì ni mo ti fi ń ronú bí n ó ṣe sáré dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n nígbà tó dé iwájú mi, ìkúnlẹ̀ ni mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," bí ẹni ń kí àlejò. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà bà á. Ọkọ̀ Bàámi ló gbé wa dé ilé. Màámi lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kó tó wá bá mi lórí pèpéle.

"Àṣàkẹ́, ṣé o ń bínú sí mi ni?"

"Bàámi ní àádọ́ta ìṣẹ́jú ni."

"Kí ló jẹ́ àádọ́ta ìṣẹ́jú?"

"Láti Àbújá sí Àkúrẹ́. Ẹ sì sọ fún mi pé ó jìn."

Mo tún ní, "Ṣé ẹ gba Iléṣà kọjá ní Iléyá?"

"Mo gbà á kọjá."

"Ṣé ẹ wo ọ̀nà ilé wa?"

"Mo di ojú mi," ló wí. "Láti Ìwáràjà ni mo ti dì í. Àfìgbà tí ẹnìkan sọ pé a ti kúrò ní Iléṣà ni mo tó là á."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, kò pè é ní ọ̀rọ̀ àgbà. Ó ní kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló gbé òun lọ. Òun àti Bàámi ti pínyà. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ wá wò mí, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí òun lọ, mo sunkún lẹ́yìn òun títí ibà fi dá mi gúnlẹ̀, pé ọ̀sẹ̀ kan ni n kò jẹun, tí wọ́n fi gbé mi lọ fa omi sí mi lára. Bàámi ló bẹ òun lórí fóònù pé kí òun má tún wá bí òun bá mọ̀ pé òun ó tún lọ. Òun gbà. Wọ́n jọ fẹnu kò pé ọ̀nà ni àwọn ó máa sọ pé ó jìn. Mo ń gbọ́ ọ, àmọ́ bí ẹni tí wọ́n ń sọ ìtàn ọmọ ẹlòmíràn fún ni. Títí di òní, n kò rántí ibà náà rárá. N kò rántí ẹkún náà. Bí mo ṣe fi ohun tí n kò rántí pàdánù ohun tí mo ń wá, ó ṣì ń rú mi lójú.

Ọjọ́ kẹjọ ni Ìyá Àgbà wá sí àdúà. Ó jókòó láàárín àwọn obìnrin Mùsùlùmí pẹ̀lú ìborùn funfun tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ṣe àmín sí ohun gbogbo tí Àáfà bá wí. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ Iléyá fún un kí ó tó jókòó dáadáa. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó pe Bàámi àti Màámi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dìde láti jáde, ó fà mí jókòó padà.

"Ìwọ," ó kọjú sí Bàámi, "o mọ̀ pé ìyá ọmọ yìí wà ní Òṣogbo níbí, o jẹ́ kí èmi náà máa bá ọ sọ fún un pé ọ̀nà jìn?"

"Ìyá, ibà tó ṣe é nígbà yẹn ni..."

"Ta ló gbé e pọ̀n nígbà ibà náà? Ṣé ìwọ ni? Èmi ni. Bó bá tún sunkún, èmi náà ni n ó pọ̀n ọ́n." Ó wá yíjú sí ìyá mi, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. "O ò bá òkú bàbá rẹ. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ wà láàyè. Tó bá jẹ́ wákàtí kan péré lo ní, wá sí ulé mi, jókòó sí ojúde, kí ó rí ọ. Tí ẹnikẹ́ni bá lé ọ, wá bá mi nínú yàrá."

Ìyá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Bàámi wo ilẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni Màámi lò pẹ̀lú wa ní Iléṣà kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń sùn nínú yàrá Ìyá Àgbà, ó ń jí bá a yí kòkó. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́, n kò mọ èyí tí n ó mú. Mo ń tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, síbẹ̀ bó bá yíjú padà, mo máa ń sá.

Ojú ọ̀run ti mọ́ lọ́jọ́ tí èmi àti Bàámi sìn ín lọ sí Àkúrẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí mo rí bàálù náà kedere, mo rí i tó gbéra, mo sì sunkún, àmọ́ ibà kò ṣe mí. A ti ń padà bọ̀, ó kù díẹ̀ ká dé Ìwáràjà, nígbà tí fóònù Bàámi dún. Ó dá ọkọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó gbé e fún mi. Màámi ní òun ti sọ̀, pé oòrùn mú ní Àbújá, pé òun ń bọ̀ ní Àjíǹde. Mo ní kó dá mi lójú. Ó ní ó dájú, mo sì ní ó dàbọ̀. Lẹ́yìn náà Bàámi nawọ́ sí mi, ó gba fóònù, ó sì ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sínú koríko ẹ̀gbẹ́ títì. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Mo rí i tó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Mo rí i tó dúró, tó tẹ́tí sílẹ̀, tó ń mi orí. Mo rí i tó fa hánkáṣíìfù yọ. Ó pẹ́ gan-an kó tó padà wọnú ọkọ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti parí ìjà.

Wọn kò gbé pọ̀ mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n Màámi wá ní Àjíǹde, ó sì wá ní gbogbo ìsinmi lẹ́yìn ìyẹn, títí mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo ti dàgbà ju iye ọdún tí àwọn méjèèjì jẹ́ nígbà náà lọ báyìí. Lọ́jọ́ kan tí èmi àti Màámi ń ṣa ẹ̀fọ́, mo bi í ní ohun tí òun àti Bàámi jọ sọ lórí fóònù lọ́jọ́ náà tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó wò mí pẹ̀lú ìyanu. Ó ní àwọn kò sọ nǹkan kan. Ó ní bí mo ṣe ní ó dàbọ̀ ni fóònù òun kú, kò sì sí iná tí òun lè fi ṣáàjì rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Bàámi ṣì wà láàyè ní Iléṣà. N kò tíì bi í léèrè ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ nínú koríko lọ́jọ́ náà.